Kókó Àgbègbè Pineal: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Wá Ohun Tí Yóò Yàn

Ẹ jẹ́ ká gbé àwòrán MRI méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16, èkejì jẹ́ ti obìnrin ọmọ ọdún 34. Nínú méjèèjì, kókó kan jókòó sí àárín gbùngbùn ọpọlọ, ní àgbègbè ẹ̀yà ara kékeré tí wọ́n ń pè ní pineal, ó ń tàn yanran lẹ́yìn tí wọ́n ti fa oògùn àwòrán sí iṣan ẹ̀jẹ̀, omi sì ti kún inú ọpọlọ nítorí pé kókó náà dí ọ̀nà. Bí wọ́n bá bo orúkọ àti ọjọ́ orí mọ́lẹ̀, dókítà tó mọṣẹ́ dunjú lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Síbẹ̀, ti ọmọkùnrin yẹn lè jẹ́ germinoma, kókó tó ti ara sẹ́ẹ̀lì ìbímọ wá, tí ìtànṣán máa ń yọ́ bí òrí tó rí iná, tí abẹ kò sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe níbẹ̀. Ti obìnrin yẹn lè jẹ́ papillary tumor of the pineal region, kókó kan tó ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé bí wọn kò bá gé e tán, ó ṣeé ṣe gan-an kó tún hù padà sí ojúkan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi dókítà, "Ṣé ẹ máa ṣiṣẹ́ abẹ ni, àbí ẹ ò ní ṣe é?", ti yá jù. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni, "Kí lorúkọ ẹ̀?" Ohun kan ṣoṣo ni kì í dúró de orúkọ, ìyẹn omi tó kún inú orí. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Àdúgbò tó há

Pineal fúnra rẹ̀ kéré púpọ̀. Gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímítà 5 sí 8 lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Descartes, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, gbà pé ibẹ̀ ni ọkàn ènìyàn fi ṣe ibùjókòó. Àwọn oníṣẹ́ abẹ òde òní kò bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọkàn. Àwọn aládùúgbò pineal ni ẹ̀rù wọn ń bà wọ́n.

Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ihò tóóró kan wà tí omi ọpọlọ ń gbà kọjá láti yàrá kẹta bọ́ sí yàrá kẹrin, ìyẹn àwọn àyè inú ọpọlọ tí omi náà ń gbé. Ibẹ̀ náà ni apá ọpọlọ tó ń darí ojú sókè wà. Lókè àti lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn iṣan ńlá tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú lọ́hùn-ún ọpọlọ ti pàdé, tí wọ́n di iṣan kan tí wọ́n ń pè ní iṣan Galen. Kókó tó bá yọ níbẹ̀ kò nílò kó tóbi kó tó da ilé rú.

Nítorí náà, àmì tí ẹni tó ní i máa ń rí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oríṣi kan sí òmíràn. Orí á máa fọ́ ọ, pàápàá láàárọ̀ kùtùkùtù. Á máa bì. Ohun kan á di méjì lójú rẹ̀. Èyí tó hàn jù ni pé ojú kò ní lè wòkè mọ́: bí ẹ bá ní kí ó wo àjà, gbogbo orí ni yóò gbé sókè, ẹyin ojú á dúró síbi tó wà. Henri Parinaud, dókítà ojú ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣàpèjúwe àìsàn ojú yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ẹni tó bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú fún gíláàsì láìrí ìtura, tí orí sì ń fọ́ ọ láràárọ̀, kó sọ àwọn méjèèjì pọ̀ fún dókítà kan náà. Bí ó bá pín wọn sọ́dọ̀ dókítà méjì, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Gbogbo ohun tí àwòrán bá fi hàn ní pineal kọ́ ni kókó burúkú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní àpò omi kékeré níbẹ̀ tí wọn kò mọ̀, ìgbà tí wọ́n bá ya àwòrán nítorí nǹkan mìíràn ni wọ́n máa ń rí i. Àpò omi bẹ́ẹ̀ máa ń ní ògiri tín-ín-rín tó dán, kì í dí ọ̀nà omi, kì í sì í dàgbà lọ bó ṣe wù ú. Ọ̀pọ̀ jù lọ kò nílò ìtọ́jú kankan. Bí wọ́n bá rí irú rẹ̀ lórí yín, tí kò sí àmì kankan, tí ẹnì kan sì ti ń pọ́n abẹ, ẹ wá dókítà kejì.

Oríṣi wé oríṣi

Kókó àgbègbè yìí ṣọ̀wọ́n. Lára àwọn àgbàlagbà, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo kókó ọpọlọ. Lára àwọn ọmọdé ni wọ́n ti pọ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe kókó fún ìfiwéra wa rèé. Ìpele tí mo kọ síbẹ̀ ni èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ń lò, 1 ló rọ̀ jù, 4 ló le jù.

| Orúkọ | Ẹni tó sábà máa ń mú | Ìpele | Ìwà rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Germinoma | Ọ̀dọ́langba, ọkùnrin ju obìnrin lọ | Wọn kì í fún un ní ìpele | Ó lè bá omi ọpọlọ rìn, ṣùgbọ́n ìtànṣán máa ń ṣẹ́gun rẹ̀ |
| Pineocytoma | Àgbàlagbà | 1 | Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, kì í sábà tàn |
| PPTID (pineal parenchymal tumor of intermediate differentiation) | Àgbàlagbà | 2 tàbí 3 | Ó wà láàárín èyí tó wà lókè rẹ̀ àti pineoblastoma |
| Papillary | Àgbàlagbà tí kò tíì darúgbó, ṣùgbọ́n ó ń mú ọmọdé náà | 2 tàbí 3 | Ó máa ń padà hù sí ojúkan náà |
| Pineoblastoma | Ọmọdé | 4 | Ó yára, ó sì ń tàn lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn |

Tábìlì yìí kò kó gbogbo wọn tán. Germinoma ní àwọn mọ̀lẹ́bí: teratoma, yolk sac tumor, choriocarcinoma, àti àwọn tó dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ọdún 2021 pẹ̀lú, WHO fi ọ̀kan tó tún ṣọ̀wọ́n ju papillary lọ kún ìwé rẹ̀, ìyẹn desmoplastic myxoid tumor tí jíìnì SMARCB1 rẹ̀ bàjẹ́.

Báwo la ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kí abẹ tó kan ẹnikẹ́ni? Ọjọ́ orí àti akọ tàbí abo máa ń tọ́ka ọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò lè fi wọ́n búra. Àwòrán CT máa ń ràn wá lọ́wọ́ nípa èérún funfun tó sábà máa ń wà nínú pineal àgbàlagbà. Bí kókó bá jẹ́ germinoma, ó máa ń gbá èérún náà mọ́ àárín ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú sẹ́ẹ̀lì pineal gan-an ni kókó ti hù, bíi pineocytoma tàbí pineoblastoma, èérún yẹn á fọ́n ká sí etí kókó, bí ìgbà tí nǹkan bú gbàmù láti inú. Àmì tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí kókó kejì bá tún wà níwájú, nítòsí ibi tí iṣan ojú ti pàdé, tí ọmọ náà sì ń mu omi láìdábọ̀, tó ń tọ̀ ṣáá, ọkàn dókítà á lọ tààrà sí germinoma.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ kò tó ti àwọn yòókù, kò léwu, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ ńlá. Èròjà méjì tí àwọn kókó kan máa ń tú jáde ni wọ́n ń wá, AFP àti beta-hCG (tàbí hCG), nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú omi ọpọlọ. Bí AFP bá ga sókè gan-an, germinoma lásán kọ́ nìyẹn. Yolk sac tumor tàbí èyí tó dà pọ̀ mọ́ ọn ló wà níbẹ̀. Bí hCG bá fò lọ sókè réré, choriocarcinoma ni wọ́n á máa fura sí. Bó bá ga díẹ̀, ó lè jẹ́ germinoma. Bí méjèèjì bá wà bó ṣe yẹ, àyẹ̀wò náà kò sọ nǹkan kan: germinoma lè fara pa mọ́ bẹ́ẹ̀, papillary àti gbogbo ìdílé pineocytoma kì í sì í gbé èròjà wọ̀nyí jáde. Ibẹ̀ ni a ti máa nílò ẹran ara kókó náà fúnra rẹ̀.

Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn aláìsàn nígbà tí omi orí ṣì ń tì í látòkè. Ọpọlọ lè rọ́ wálẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Papillary lójú ara rẹ̀

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí pé òun ni àlàyé rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 2003 ni Anne Jouvet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ya kókó yìí sọ́tọ̀, láti ara aláìsàn mẹ́fà péré. Ní ọdún 2007 ni WHO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Kò wá láti inú sẹ́ẹ̀lì pineal. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ó ti inú subcommissural organ wá, ẹ̀yà ara kékeré kan tó fara ti pineal, tó ń tú èròjà sínú omi ọpọlọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan lára rẹ̀ fi máa ń funfun lórí irú àwòrán MRI tí wọ́n ń pè ní T1 kí wọ́n tó fa oògùn àwòrán rárá, torí pé èròjà bíi ti inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kún inú rẹ̀. Ó tún sábà máa ń ní àpò omi nínú.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó jọ ependymoma, kókó tó ń hù láti ara awọ inú yàrá omi ọpọlọ. Ó jọ kókó choroid plexus, ibi tí ọpọlọ ti ń pèsè omi rẹ̀. Ó tún lè jọ PPTID. Ẹni tí kò rí i rí kò ní ronú kàn án, ó sì ṣọ̀wọ́n débi pé onímọ̀ ẹran ara tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún lè máà tíì rí ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n máa ń fi àwọ̀ wá èròjà tí wọ́n ń pè ní cytokeratin, CK18 pàápàá, nínú ẹran náà. Ependymoma kì í sábà mú un bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé àyẹ̀wò yín bá sọ pé "ependymoma" tàbí "choroid plexus papilloma", tó sì jẹ́ pé àgbègbè pineal ni kókó wà, ẹ ní kí wọ́n fi ẹran náà ránṣẹ́ sí onímọ̀ tó ń wo kókó ọpọlọ nìkan. Dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí i.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ kò tíì ní òṣùwọ̀n tó fìdí múlẹ̀ tí wọn yóò fi pín ìpele 2 sí ìpele 3 fún kókó yìí. Bí dókítà kan bá pè é ní 2, tí òmíràn pè é ní 3, kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláìmọ̀kan.

Omi kọ́kọ́: shunt tàbí ETV?

Nígbà tí omi bá ti kún, tí ènìyàn ń tòògbé láìtọ́, tí ó ń bì, kò sáyè ìfiwéra púpọ̀. Wọ́n lè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí orí láti fa omi jáde sínú àpò fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà, yíyàn gidi ni ti ohun méjì yìí.

Shunt ni rọ́bà tó ń gba abẹ́ awọ ara kọjá láti orí lọ sí ikùn, tó ń gbé omi ọpọlọ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí gbogbo oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ mọ̀ ni, kò sì le púpọ̀ láti ṣe. Wàhálà rẹ̀ ni pé nǹkan àjèjì ni, yóò sì wà nínú ara títí ayé. Ó lè dí, kòkòrò lè wọ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ lóru ọjọ́ ayẹyẹ ló máa dí. Àwọn dókítà tún ti ròyìn pé sẹ́ẹ̀lì kókó lè gba inú rọ́bà náà dé ikùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́.

ETV ní tirẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ara. Wọ́n á ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú yàrá omi, wọ́n á lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ yàrá kẹta, omi á sì rí ọ̀nà mìíràn gbà tí kò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó. Ihò náà lè padà dí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì wà lábẹ́ ibẹ̀ tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ó máa ń kùnà ju lára àgbà lọ.

Fún kókó pineal, ETV ni èmi yóò mú bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà nítòsí. Irú ìdínà omi tí ETV wà fún gan-an nìyí: ọ̀nà kan ló dí, omi sì ṣeé yà gba ibòmíràn. Àǹfààní kejì ni mo tún fẹ́ràn jù: kámẹ́rà yẹn ti dé ẹnu ọ̀nà kókó, wọ́n sì lè bu díẹ̀ lára rẹ̀, kí wọ́n tún bu omi fún àyẹ̀wò AFP àti hCG, lẹ́ẹ̀kan náà. Shunt kò lè fún yín ní ìyẹn.

Bí a ṣe ń gba ẹran ara kókó

Fífi kámẹ́rà bu díẹ̀ bí mo ṣe sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní biopsy, dára bí omi bá ti fẹ yàrá ọpọlọ tóbi, tí kókó sì yọ orí sínú yàrá kẹta. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n ń lu ihò ETV àti ọ̀nà tó lọ sí pineal kò dúró lójú ìlà kan. Ìgbà mìíràn, ihò méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lu sí agbárí, tàbí kí wọ́n lo kámẹ́rà tó lè tẹ̀. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Abẹ́rẹ́ gígùn tí kọ̀ǹpútà ń tọ́ sọ́nà ni ọ̀nà kejì. Ó yá, ilé ìwòsàn púpọ̀ ló ní irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lójú, ààrin àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló sì ń kọjá.

Gbogbo biopsy ló ní àìlera kan náà: ẹran tí wọ́n bù kéré. Bí kókó bá dà pọ̀, tí apá kan jẹ́ germinoma, tí apá kejì sì jẹ́ teratoma, wọ́n lè bu apá kan kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo rẹ̀. Nítorí èyí ni èsì biopsy àti èsì ẹ̀jẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Bí biopsy bá sọ germinoma, tí AFP sì ga, ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Láyé àtijọ́, àwọn dókítà kan máa ń fún kókó ní ìtànṣán díẹ̀ láti dán an wò: bó bá súnkì, germinoma ni. Ìwà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dámọ̀ràn rẹ̀ fún yín lónìí, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi lè gba ẹran.

Abẹ ńlá: ojú ọ̀nà méjì

Bó bá dájú pé kókó yẹn fẹ́ gígé, bíi papillary, pineocytoma tàbí teratoma tó ti dàgbà tán, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù.

Ọ̀kan gba abẹ́ ọpọlọ ńlá, lórí ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn. Fedor Krause ní Jámánì ròyìn rẹ̀ ní ọdún 1913, lásìkò tí kò sí máíkírósíkóòpù iṣẹ́ abẹ, tí ikú pọ̀. Ìgbà tí Bennett Stein gbé e dìde padà pẹ̀lú máíkírósíkóòpù ní ọdún 1971 ló tó di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri. Ẹwà rẹ̀ ni pé ó dé bá kókó láàárín gbùngbùn, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá sì sábà máa ń wà lókè, kì í ṣe láàárín ọwọ́ àti kókó. Àbùkù rẹ̀ ni pé wọ́n sábà máa ń gbé aláìsàn jókòó, atẹ́gùn sì lè gba iṣan tó là sílẹ̀ wọlé lọ sí ọkàn-àyà. Oníṣẹ́ ìpanilóorun tó mọ èyí dáadáa ṣe pàtàkì bí oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀.

Èkejì gba ẹ̀yìn orí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ọpọlọ tó ń ríran. James Poppen ní Amẹ́ríkà ló kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1966. Ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó dára bí kókó bá gùn lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, aláìsàn kò sì ní láti jókòó. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ sún apá ìríran yẹn díẹ̀, ẹgbẹ́ kan lójú ìran lè ṣókùnkùn lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ó máa ń padà lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe nígbà gbogbo.

Èwo ló sàn? Lójú tèmi, aláìsàn kò ní nǹkan púpọ̀ láti yàn níbí. Ibi tí kókó nà sí àti bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe tò ló máa ń pinnu. Ohun tó yẹ kí ẹ yàn ni ọwọ́ tó máa ṣe é: ẹni tó ti wọ àgbègbè yìí lọ́pọ̀ ìgbà, tó sì lè sọ fún yín láìkáàánú ara rẹ̀ iye àwọn tí ìríran tàbí ìrìn wọn yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ fún yín pẹ̀lú pé wíwòkè lè burú sí i fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ẹ̀rù má bà yín lọ́jọ́ kẹta.

Lẹ́yìn abẹ: ìtànṣán, kímò, tàbí ká máa ṣọ́ ọ?

Ti pineocytoma rọrùn: bí wọ́n bá gé e tán, ṣíṣọ́ ni. Ti pineoblastoma kò rọrùn rárá, ṣùgbọ́n kò sí yíyàn púpọ̀ nínú rẹ̀: gígé bó bá ṣeé ṣe tó, ìtànṣán sí gbogbo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, pẹ̀lú kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Bí ọmọ bá kéré ju ọdún mẹ́ta lọ, àwọn dókítà máa ń sá fún ìtànṣán nítorí ohun tó ń ṣe fún ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà, kímò ni wọ́n á gbára lé. Ẹ má gbàgbé jíìnì níbẹ̀. Pineoblastoma lè tẹ̀lé RB1, jíìnì kan náà tó ń fa jẹjẹrẹ ẹyin ojú ọmọdé, tàbí DICER1, ọ̀rọ̀ sì lè kan àwọn àbúrò ọmọ náà.

Germinoma tó wà lójúkan: kímò díẹ̀, lẹ́yìn náà ìtànṣán sí àwọn yàrá omi ọpọlọ, ni ọ̀pọ̀ ibi ń ṣe báyìí kí ìtànṣán lè dínkù. Bó bá ti tàn, gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn á gba tirẹ̀. Ó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń yè. Nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó dà pọ̀, ohun kan wà tó máa ń da ẹbí láàmú: èsì ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀ lẹ́yìn kímò, síbẹ̀ kókó ń tóbi lórí àwòrán. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé teratoma tí kímò kò lè pa ló ṣẹ́kù, abẹ ni yóò yọ ọ́.

Papillary ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, lórí aláìsàn 31, fi hàn pé ìdá 73 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ìdá 27 péré ni kókó wọn kò padà tàbí dàgbà sí i. Ẹ wo àlàfo àárín nọ́ńbà méjèèjì. Ó ń padà, kì í sì í sábà yára pa ènìyàn. Nítorí náà, kí ni kí ẹni tí wọ́n ti gé tirẹ̀ tán pátápátá ṣe? Àwọn dókítà kan á fún un ní ìtànṣán sójú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á sọ pé kí wọ́n ṣọ́ ọ, kí wọ́n fi ìtànṣán pa mọ́ de ọjọ́ tó bá padà. Wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan, nítorí pé àwọn aláìsàn kéré jù láti fi wé ara wọn dáadáa.

Bí kókó bá ṣẹ́kù, èmi yóò gba ìtànṣán. Bí wọ́n bá gé e tán, tí MRI oṣù kẹta sì mọ́ tónítóní, tí ẹni náà lè máa wá fún àwòrán láìjẹ́ kó yẹ̀, ṣíṣọ́ kò burú. Àmọ́ bí ibi tó ń gbé bá jìnnà sí ẹ̀rọ MRI, tàbí tó mọ ara rẹ̀ pé òun máa ń yẹ ọjọ́ dókítà sílẹ̀, ìtànṣán kíákíá ló bọ́gbọ́n mu. Irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ wà lára ohun tí a fi ń yan ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé kankan.

Lórí irú ìtànṣán, ẹ̀yin yóò gbọ́ orúkọ púpọ̀. Ti fótónì ni ó wọ́pọ̀, ó ń wọ ara, ó sì ń jáde lódìkejì. Ti pírótónì máa ń dúró síbi tí wọ́n bá rán an dé, kò ní jó ohun tó wà lẹ́yìn kókó. Kì í ṣe pé ó lágbára ju fótónì lọ láti pa kókó. Àǹfààní rẹ̀ hàn lára ọmọdé, pàápàá bó bá jẹ́ gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń tàn án sí. Fún àgbàlagbà tí kókó rẹ̀ kéré, kò tó ohun tí ó yẹ kí ẹbí ta ilé nítorí rẹ̀. Gamma Knife, tó ń kó ọ̀pọ̀ ìtànṣán tẹ́ẹ́rẹ́ jọ sójú kan lọ́jọ́ kan, wúlò fún kókó kékeré tó ṣẹ́kù tàbí tó padà yọ. Kò wúlò fún èyí tó ti tàn nínú omi.

Ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀

Bí pineal bá ti lọ, melatonin rẹ̀ lọ nìyẹn. Àwọn kan kò mọ ìyàtọ̀ kankan lójú oorun wọn. Àwọn mìíràn á máa yí lórí ibùsùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà dípò kí ẹ máa rò pé ẹ̀rù lásán ni. Melatonin oníhóró wà tí wọ́n lè dán wò. Àwọn ọmọ tó gba ìtànṣán nílò àyẹ̀wò homonu àti ìdàgbàsókè fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì lè nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé.

MRI ọpọlọ ló sábà máa ń tó fún ṣíṣọ́ papillary, nítorí ojúkan náà ló ń padà sí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti ya gbogbo ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀. Kò sí pé ọdún márùn-ún pé, ó tán.

Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kí ọdún 2003 tó dé, nígbà tí kò sí orúkọ papillary nínú ìwé kankan, fáìlì wọn sì ń gbé "ependymoma" tàbí "pineocytoma" kiri láti ìgbà náà. Bí kókó irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún yọ lónìí, ní ojúkan náà, kí wọ́n tó jíròrò abẹ tàbí ìtànṣán, ó lè ní kí ilé ìwòsàn náà wá ẹran ọjọ́ sí tí wọ́n fi àbẹ́là dì, kí wọ́n gé ègé tín-ín-rín tuntun lára rẹ̀, kí wọ́n sì fi àwọ̀ CK18 wò ó.